Robert Woodruff: Ọlọ́rẹ tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun

Bí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin MARTA lọ sí Midtown rí, ẹ ó mọ ibùdó tí wọ́n ń pè ní Arts Center. Bí ẹ bá jáde níbẹ̀, ilé ńlá kan wà tó kọjú sí òpópónà Peachtree. Inú ilé yìí ni ẹgbẹ́ olórin Atlanta Symphony Orchestra ti ń ṣeré. Ibẹ̀ náà ni ilé tíátà Alliance wà, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà High Museum sì wà nínú ọgbà kan náà. Woodruff Arts Center ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Orúkọ náà kò sì mọ síbẹ̀. Ọgbà ìgbafẹ́ tó wà láàárín ìlú, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Georgia State ti máa ń jókòó jẹun ọ̀sán, Woodruff Park ni. Ilé ìkàwé tí àwọn ọmọ Morehouse, Spelman àti Clark Atlanta jọ ń lò, Woodruff ni. Ilé ìkàwé àgbà ní Emory, Woodruff náà ni. Mo ti lo ọdún méjì nílùú yìí kí n tó bi ara mi léèrè pé ta ni ọkùnrin yìí gan-an. Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Georgia níbí. Ọ̀kan rò pé gómìnà àtijọ́ ni. Ìkejì ní bóyá oníṣòwò pákó ni, nítorí bí orúkọ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ dá mi lóhùn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ka ìtàn rẹ̀ ni pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wá kún ìlú báyìí, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi sá kí wọ́n má baà dárúkọ òun. Ó ń fúnni lówó, ó sì ń bẹ àwọn tó fún pé kí wọ́n má sọ. Àwọn ará Atlanta fura títí ó fi sú wọn, wọ́n wá fún un ní ìnagijẹ kan tó túmọ̀ sí Ọ̀gbẹ́ni Aláìlórúkọ.

Ọmọ tí Emory dá padà sílé

Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1889 ni wọ́n bí Robert Winship Woodruff ní ìlú Columbus, ìpínlẹ̀ Georgia. Ernest Woodruff, bàbá rẹ̀, di ọ̀gá báńkì Trust Company ní Atlanta. Olówó ni, ṣùgbọ́n ahun ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí.

Robert kò fẹ́ràn ìwé. Wọ́n fi í sí Emory ní 1908, nígbà tí kọ́lẹ́jì náà ṣì wà ní ìlú Oxford, Georgia. Kò ju sáà kan lọ tó lò níbẹ̀ tí ààrẹ ilé ẹ̀kọ́ náà fi kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé á dáa kí ọmọ náà má padà wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó tún dé orí ọ̀rọ̀ Emory.

Ó lọ ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ó ń fi ṣọ́bìrì kó yanrìn. Nígbà tó yá, ó di ẹni tó ń ra ọjà fún ilé iṣẹ́ yìnyín àti èédú tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ra ọkọ̀ akẹ́rù láti fi rọ́pò kẹ̀kẹ́ tí ẹranko ń fà. Inú bí bàbá nítorí owó náà, ọ̀rọ̀ di ìjà. Robert fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó lọ bá White Motor, ilé iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ náà fún un, ó sì di igbákejì ààrẹ níbẹ̀. Ọmọ tó ń bá bàbá rẹ̀ jà nítorí iṣẹ́ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ wọ ilé Yorùbá èyíkéyìí ní Gwinnett tàbí Cobb, ẹ ó gbọ́ irú rẹ̀.

Ní 1912 ó gbé Nell Hodgson, ọmọ ìlú Athens ní Georgia, níyàwó. Nell ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fẹ́ra. Wọn kò bímọ. Mo mọ ohun tí àwọn àǹtí wa yóò ti sọ sí èyí, n kò ní sọ ọ́ níbí. Ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí, nítorí ẹni tí kò ní ọmọ tí yóò jogún rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó, kó ro ibi tí ogún yóò lọ.

Owó ẹlẹ́rìndòdò

Coca-Cola ti wà kí Woodruff tó débẹ̀. Atlanta ni wọ́n ti kọ́kọ́ po ó ní 1886. Ní 1919, Ernest kó àwọn olówó jọ, wọ́n ra ilé iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù 25 dọ́là. Ọjà kò dúró dáadáa lẹ́yìn ìyẹn. Ní 1923 àwọn olùdarí ránṣẹ́ pe Robert, ọmọ ọdún 33, pé kó wá di ààrẹ. Owó oṣù tí wọ́n fẹ́ san fún un kéré sí èyí tó ń gbà ní White Motor, síbẹ̀ ó gbà.

Láti ìgbà náà, nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi jẹ́ òfin ní ilé iṣẹ́ náà, bó wà lórí àga tàbí kò sí níbẹ̀. Ó fẹ́ kí ìgò kan dùn bákan náà ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ṣí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó pàṣẹ pé sójà Amẹ́ríkà èyíkéyìí gbọ́dọ̀ lè ra ìgò kan ní sẹ́ńtì 5 níbikíbi tó bá wà, iye yòówù kó ná ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n kó ẹ̀rọ tí ń rọ ọtí sínú ìgò tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun lọ sókè òkun. Ogun parí, ọjà kò padà sílé.

Ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Ní 1951 ni wọ́n dá Nigerian Bottling Company sílẹ̀, ìgò àkọ́kọ́ sì jáde ní Èkó ní 1953. Ẹ ro iye kéréètì tí wọ́n ti gbé wọ òde ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà láti ìgbà náà wá. Díẹ̀ nínú owó tí a ń sọ yìí, àpò àwọn bàbá àgbà wa ló ti jáde. Àwọn dókítà náà sì ti sọ ohun tí ṣúgà àpọ̀jù ń ṣe nínú ara. Ìyẹn wà lára ìtàn owó yìí, kò yẹ kí ń fò ó.

Nínú ìlú tí òfin pín sí méjì

Ní 1929 Woodruff ra oko ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Ichauway ní Baker County, ní gúúsù Georgia, nítorí pé ó fẹ́ràn láti máa dọdẹ àparò. Ohun tó bá níbẹ̀ ni ibà. Àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ oko, ni ẹ̀fọn ń bá jà lọ́dọọdún. A mọ ibà. Ẹni tó bá ti lọ lo ìsinmi ní Ìbàdàn rí mọ̀ ọ́n. Woodruff mú àwọn oníṣègùn Emory wá síbẹ̀ láti gbógun ti àìsàn náà kí wọ́n sì ṣe ìwádìí rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí àjọ ìjọba tó ń gbógun ti ibà ní Atlanta di CDC, Emory fún wọn ní ilẹ̀ ní Clifton Road ní dọ́là 10 péré ní 1947. Woodruff wà lẹ́yìn ètò náà.

Ẹ má ṣe wá rò pé ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni o. Inú ètò tó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun ló ti là, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi ṣòwò nínú rẹ̀ láì jáde síta bá a jà. Nígbà tó ṣí ọwọ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ṣí i. Nígbà tí Martin Luther King gba ẹ̀bùn Nobel ní 1964, àwọn aṣáájú ìlú bíi Benjamin Mays ti Morehouse àti Ralph McGill tó jẹ́ oníròyìn fẹ́ ṣe àsè fún un. Àwọn oníṣòwò aláwọ̀ funfun ń fà sẹ́yìn. Woodruff àti Paul Austin, tó jẹ́ ààrẹ Coca-Cola nígbà náà, jẹ́ kó yé wọn pé ilé iṣẹ́ tó ń tajà kárí ayé kò lè máa gbé ìlú tí kò lè bọ̀wọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tán wẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1965, nǹkan bí 1,500 èèyàn, dúdú àti funfun, jọ jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì Dinkler Plaza.

Nígbà tí wọ́n pa King ní oṣù Kẹrin ọdún 1968, Woodruff pe Méyọ̀ Ivan Allen lórí fóònù. Ó ní kí ìlú ṣe gbogbo ohun tó bá yẹ, kí wọ́n ná iye tó bá yẹ, èyí tí àpò ìlú kò bá ká, òun yóò san án.

Mo ti rò ó títí. Èrò mi ni pé ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni. Ìdákẹ́jẹ́ tó fi ń fúnni lówó láì gba ọpẹ́ ló fi bá òfin burúkú gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún láì sọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú yín yóò fẹ́ kí ń sọ bóyá èèyàn rere ni tàbí èèyàn burúkú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1962.

Orly

Atlanta Art Association ni orúkọ ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú iṣẹ́ ọnà nílùú yìí nígbà náà. Ilé obìnrin kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1926, opó kan tó ń jẹ́ Hattie High fi ilé ẹbí rẹ̀ ní Peachtree ta ẹgbẹ́ náà lọ́rẹ, ìyẹn ni ilé àfihàn náà ṣe ń jẹ́ High títí dòní. Ẹ wò ó, ẹ̀bùn ẹnì kan ló bí ibẹ̀ kí Woodruff tó yọjú.

Ní ọdún 1962 ẹgbẹ́ yìí ṣètò ìrìn àjò lọ sí Yúróòpù fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn. Wọ́n lo bí oṣù kan, wọ́n ń lọ láti ilé iṣẹ́ ọnà kan sí òmíràn. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, wọ́n wọ bàálù Air France kan ní pápá ọkọ̀ òfurufú Orly ní Paris láti padà sílé. Bàálù náà sáré, kò gbéra. Ó sáré kọjá òpin ojú ọ̀nà rẹ̀, ó wó, ó gbiná. Èèyàn 130 ló kú. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ méjì péré, obìnrin ni àwọn méjèèjì, ló yè é. Nínú àwọn tó kú, 106 jẹ́ olólùfẹ́ iṣẹ́ ọnà láti Atlanta.

Nọ́ḿbà kì í sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn tó kú yìí ni wọ́n ń dáwó. Àwọn ni wọ́n ń jókòó nínú ìgbìmọ̀, tí wọ́n ń ya àwòrán, tí wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ wọn wá síbi orin. Ó lé ní ọgbọ̀n ọmọ tó pàdánù bàbá àti ìyá wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Méyọ̀ Allen fúnra rẹ̀ wọ bàálù lọ sí Paris láti ṣèrànwọ́ dá òkú mọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. King àti Harry Belafonte, tí wọ́n ti ń múra láti ṣe ìwọ́de ní àárín ìlú, dá a dúró láti bá àwọn ẹbí ṣọ̀fọ̀. Nígbà tó di ìgbà ìwọ́wé, ilé iṣẹ́ ọnà Louvre ní Paris yá Atlanta ní àwòrán olókìkí tí Whistler fi ya ìyá rẹ̀, kí àwọn ará ìlú lè wò ó.

Ìbéèrè tó kù nílẹ̀ ni pé ta ni yóò máa bá iṣẹ́ náà lọ. Bí àwọn tó ń ru ẹrù bá kú pọ̀, ẹrù náà yóò wà nílẹ̀ ni.

Ní ọdún 1962 kan náà, ọlọ́rẹ kan tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun fi mílíọ̀nù 4 dọ́là lọ̀ ìlú Atlanta láti fi kọ́ gbọ̀ngàn iṣẹ́ ọnà ní Piedmont Park. Ìjọba ìlú ní kí ará ìlú dìbò, kí wọ́n gbà kí ìlú yá owó tí yóò kún un. Ìbò náà kò wọlé. Ọ̀rọ̀ owó orí wà níbẹ̀, ẹ̀rù pé dúdú àti funfun yóò máa jọ lo ọgbà náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹlòmíràn ì bá ti kó owó rẹ̀ lọ. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Richard Rich, oníṣòwò tó ni ilé ìtajà Rich's, kó àwọn èèyàn jọ láti kọ́ ilé náà sí Peachtree níbi tí High wà, Ọ̀gbẹ́ni Aláìlórúkọ ṣì wà lẹ́yìn wọn. Àwọn ará ìlú dá èyí tó kù. Iye tí wọ́n fi kọ́ ilé náà tó mílíọ̀nù 13 dọ́là, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹwàá ọdún 1968, ní ìrántí àwọn tó kú ní Orly. Ìjọba France fi ère tí Rodin ṣe, tí wọ́n ń pè ní Òjìji, ta ìlú lọ́rẹ. Orúkọ Woodruff kò sí lára ògiri lọ́jọ́ yẹn. Nell, ìyàwó rẹ̀, ti kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà.

Ohun kan ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú gbogbo èyí. Ìbọn, àparò, gọ́ọ̀fù àti sìgá ńlá ni wọ́n mọ Woodruff mọ́. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n mọ̀ sí olólùfẹ́ orin símúfónì tàbí àwòrán. Ó jọ pé ó gbà pé ìlú gbọ́dọ̀ ní irú ilé bẹ́ẹ̀, kódà bí òun kò bá ní wọ ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n kọ láti ẹ̀yìn

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí rèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fúnni lówó nígbà tó bá wù wọ́n. Díẹ̀ ló ń ṣètò rẹ̀ kó lè máa lọ nígbà tí wọn kò bá sí mọ́. Woodruff ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti 1937, ọdún 48 kó tó kú. Ó dá àjọ ìtọrẹ àánú kan sílẹ̀, ó sì pè é ní Trebor. Ẹ ka orúkọ náà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Robert ni.

Bí irú àjọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Èèyàn kó owó tàbí ìpín ìdókòwò sínú rẹ̀. Àwọn alámòójútó máa ń tọ́jú owó náà kó lè máa pọ̀ sí i, wọn kì í sì jẹ ìdí rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ní kí irú àjọ bẹ́ẹ̀ ná nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ohun ìní rẹ̀ sórí iṣẹ́ àánú lọ́dọọdún. Àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ èyí: ó ń jẹ nínú iṣu, ṣùgbọ́n kì í jẹ èbù.

Bí ó ṣe ń dàgbà, ó ń yára sí i. Ní 1979, òun àti George àbúrò rẹ̀ mú kí àjọ tí àwọn òbí wọn fi sílẹ̀ kó ìpín Coca-Cola tó tó mílíọ̀nù 105 dọ́là fún Emory. Ìgbà yẹn, kò sí ilé ẹ̀kọ́ kankan ní Amẹ́ríkà tó tíì gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Emory tó ní kó má padà wá! Ní ọdún kan náà ó fi mílíọ̀nù 7.5 dọ́là lọ̀ High Museum fún ilé tuntun, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ará ìlú gbọ́dọ̀ dá iye tó bá a mu kó tó di tiwọn. Wọ́n dá a. Ilé funfun tí Richard Meier ya àwòrán rẹ̀, tí gbogbo yín ti ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ṣí ní 1983.

Ìwà kan wà níbí tó wù mí. Kò fẹ́ dá nìkan gbé e. Bó ṣe ṣe ní 1962 náà nìyẹn: òun mú díẹ̀, ìlú mú ìyókù. Ilé tí gbogbo èèyàn dáwó sí kò rọrùn láti pa tì.

Robert Woodruff kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1985, ó jẹ́ ẹni ọdún 95. Nígbà tí wọ́n ka ìwé ìhágún rẹ̀, àjọ rẹ̀ ló jogún èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ní. Wọ́n pa orúkọ Trebor tì, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ gangan pè é. Ẹni tó fi ara pamọ́ ti lọ, kò sí ẹni tí yóò máa bẹ̀ wọ́n mọ́ pé kí wọ́n má sọ.

Ní 2014, ọdún 29 lẹ́yìn ikú rẹ̀, àjọ náà fún Woodruff Arts Center ní mílíọ̀nù 38 dọ́là. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lo owó náà kò tíì parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tó kú.

Ṣùgbọ́n owó òkú kì í ṣe gbogbo nǹkan. Ní 2012 àti 2014, àwọn olórin Atlanta Symphony Orchestra àti àwọn aláṣẹ wọn forí gbárí nítorí owó, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn olórin síta. Ti 2014 lé ní oṣù méjì. Iye àwọn olórin ti dín kù. Ohun tí wọ́n fi tún un ṣe ni ètò kan tí àwọn ọlọ́rẹ fi dá mílíọ̀nù 25 dọ́là jọ, láti fi gbé àga olórin 11 dúró. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé wọ́n fi owó pamọ́ ní orúkọ àga kan, èrè orí rẹ̀ ni yóò máa san owó oṣù ẹni tó bá jókòó lórí àga náà, fáolíìnì ni o, fèrè ni o, lọ́dún yìí àti ní ọdún tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní sí.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀kan tiwa wé e. Ní ọdún 1962 yẹn gan-an, Dúró Ládípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di Mbari Mbayo, ibi tí àwọn ayàwòrán àti òṣèré ti péjọ. Níbẹ̀ ni eré *Ọba Kò So* ti jáde ní ọdún kejì rẹ̀, tó sì rìn dé òkè òkun. Òun náà fi ohun tó ní sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọnà. Kò ní ìpín Coca-Cola láti fi tì í lẹ́yìn. Ó kú ní 1978. Bí mo bá ń ronú nípa àwọn méjèèjì, n kì í bi ara mi pé ta ló fún iṣẹ́ ọnà ní ohun tó pọ̀ jù. Mo ń bi ara mi pé kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ sí Òṣogbo ká ní èèyàn 50 nínú àwọn tó jókòó wo eré náà fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ogún wọn sílẹ̀ fún ilé náà.

Fọ́ọ̀mù tó wà lórí tábìlì

Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, bíi Nell. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ìwé ìhágún. Bí o bá dárúkọ rẹ̀, wọn yóò ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, wọn yóò sì béèrè ohun tó ń ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ̀kan láì mọ̀. Níbi iṣẹ́ wọn, fọ́ọ̀mù kan wà fún owó ìfẹ̀yìntì, tí wọ́n ti béèrè ẹni tí owó náà yóò kàn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ èmi àti àbúrò mi síbẹ̀, ìdajì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Mo sọ fún wọn pé irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ gba orúkọ ẹgbẹ́ tàbí ilé iṣẹ́ ọnà pẹ̀lú. Kò sí dandan pé kí èèyàn jẹ́ olówó, kò sì ná èèyàn ní kọ́bọ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè. Ó sì lè yí i padà bó bá yí ọkàn padà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ẹgbẹ́ tó kọ́ wa ní ìlù gángan ní ọjọ́ Sátidé nígbà tí a wà ní kékeré, ṣé wọ́n ṣì wà. Mo ní wọ́n ṣì wà, inú yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ, awọ ìlù wọn sì ti gbó. Wọ́n ní ṣé ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún kéré jù, ṣé kò ní dà bí ẹni tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Mo ní kò kéré. Wọ́n ní àwọn yóò kọ́kọ́ bá Dádì sọ ọ́. Fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lórí tábìlì ilé ìdáná, wọ́n gbé ife tíì lé e.